Ọyẹ́ Ti Dé, Ẹ Fi Òjò Dídì Sílẹ̀: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Kíkọ́ Ọmọdé ní Ìró Lẹ́tà

Lọ́dọọdún, bí sáà kejì bá ti wọlé, tí ọyẹ́ bo òkè Kàbà ní Ìpínlẹ̀ Kogí níbí débi pé a ò rí orí àpáta mọ́, ohun kan náà ni mo máa ń bá ní kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Wọ́n ti gé òjò dídì mọ́ ògiri. Wọ́n ti fi òwú ilé oògùn ṣe ènìyàn oníyìnyín. Wọ́n ti ya ẹyẹ kan tó ń gbé orí yìnyín ní ìsàlẹ̀ ayé, èyí tí ọmọ kankan láti Mọ̀pà dé Ẹ̀gbẹ̀ kò fojú rí rí. Lẹ́tà gàdàgbà sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àǹtí tó ṣe é kò sùn dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta. Owó tó ná sí i, òun nìkan ló mọ ibi tó ti rí i.

Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọ kéékèèké ní ìró lẹ́tà. Owó tó ń ṣòfò yìí ń dùn mí. Àwọn ọmọ tó ń kọjá sí Pírámárì Kìíní láìlè ka "bàtà" tún ń dùn mí jù ú lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó náwó.

1. Ríra òjò dídì

Mo ra tèmi náà rí. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà (₦18,000) ni mo fi tẹ àwòrán aláràbarà ní Lọ́kọ́ja, mo sì ní kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó kó má baà ya. Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé ènìyàn oníyìnyín sókè: òbìrìkìtì funfun méjì, ọ̀kan gun orí èkejì. Mò ń retí ìró s, torí pé "snowman" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ọmọbìnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ìyàrà nàka sí i, ó ní, "Iyán! Iyán méjì, Àǹtí!" Mo ní rárá. Ó tún wò ó, ó wo ojú mi, ó ní, "Iyán ni."

Bẹ́ẹ̀, ọmọ yìí ti ṣe ohun tí mo ń wá. Ó rí nǹkan, ó dárúkọ rẹ̀, i ló sì bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà. Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́ torí pé bébà mi ní s ni.

Bí ẹ bá gbé ohun tí ọmọ kò rí rí fún un, pẹ̀lú ìró tí kò tíì dá mọ̀, ẹrù méjì lẹ gbé lé e lórí. Ọ̀kan ni yóò lè rù, nígbà mìíràn kò ní ru ìkankan. Ọyẹ́ sì wà níta gbangba. Òtútù ń mú un. Ètè rẹ̀ ti là. Ẹ̀wù méjì ni ìyá rẹ̀ wọ̀ fún un. Àwọn ará ilé yá iná láàárọ̀ kí wọ́n tó gbé e wá. Agbálùmọ̀ wà nínú àpò rẹ̀. Ọ, o, e, ẹ, i, a: fáwẹ́lì mẹ́fà nínú méje ti pé kí ẹ tó yọ kọ́bọ̀ lápò. U ló ṣẹ́ kù, màá padà sórí ẹ̀.

2. Pípe orúkọ lẹ́tà dípò ìró rẹ̀

Bí, dí, fí, gí dùn lórin, ṣùgbọ́n ọmọ tó mọ ìyẹn nìkan yóò ka bàtà sí "bí-a-tí-a". Ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu ni kí ẹ kọ́ ọ. Ẹ ti mọ èyí tẹ́lẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀.

3. Wíwá orúkọ nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo lẹ́tà

Ibí ni inú mi ti máa ń ru. Àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì máa ń mú lẹ́tà kan, wọ́n á wá nǹkan tó fi í bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ya á, ó parí. Ó tọ́ fún wọn, torí pé orúkọ nǹkan lédè wọn kún fún kọ́nsónáǹtì níbẹ̀rẹ̀. Àwa náà wá gba ọ̀nà ọ̀hún, a ò sì bi ara wa bóyá èdè wa rí bẹ́ẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ka nǹkan tó wà láyìíká yín: ilé, ilẹ̀kùn, àga, ẹní, omi, ìgò, ọbẹ̀, iṣu, ewé, igi, òkúta, ajá, ewúrẹ́, ẹsẹ̀, ojú. Fáwẹ́lì ló ṣáájú gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí àtẹ álífábẹ́ẹ̀tì ara ògiri wa kì í fi yí padà láti ìgbà tí àwa fúnra wa wà ní jẹ́lé-ó-sinmi: bàtà, dòdò, fìlà, gèlè, kẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá ti tẹnu mọ́ ìwọ̀nyẹn tán, wíwá kiri bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí olùkọ́ tó ya "rọ́bà" fún r, tó ya "wáyà" fún w, tó wá jókòó sídìí h fún wákàtí kan gbáko. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni, ó sì láwọn ọmọ tiẹ̀ nílé.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí ẹ lọ bá. Kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kan tí kò fi kọ́nsónáǹtì bẹ̀rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kéékèèké sì jẹ́ kọ́nsónáǹtì kan pẹ̀lú fáwẹ́lì kan péré. Lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n (25) la ní. Ẹ yọ fáwẹ́lì méje kúrò, ó ku kọ́nsónáǹtì méjìdínlógún (18). Ọyẹ́ yóò fún yín ní ohun tí ọmọ lè fi ara ṣe fún gbogbo wọn, láìra ohunkóhun.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, òtútù ṣì mú, wọ́n káwọ́ sínú ẹ̀wù, kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó sórí àga tútù. Mi ò ní kí wọ́n jókòó. A ó tò yí ká lábẹ́ igi máńgòrò, màá pàṣẹ, wọ́n á ṣe é, a ó sì jọ máa pe ìró náà bí a ti ń ṣe é. Họ: wọ́n á họ ẹsẹ̀ tó funfun. Pa: wọ́n á fi òrí pa ojúgun. Fẹ́: wọ́n á fẹ́ ògì gbígbóná inú ife. Wọ̀: ẹ̀wù òtútù. Bọ́: ìbọ̀sẹ̀. Dì: gèlè àlòkù tí mo kó wá látilé. Ká: aṣọ ìbora. Tẹ̀: ewé gbígbẹ, kó ró fàù lábẹ́ ẹsẹ̀. Yá: gbogbo wa á na ọwọ́ sí oòrùn, a ó máa yá a. Sá: ẹ sá lọ sídìí kànga, ẹ sá padà. Ṣa: ẹ ṣa ewé sínú agbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí sá àti ṣa tẹ̀ lé ara wọn dáadáa, kí ọmọ lè fi etí mọ̀ pé s kì í ṣe ṣ.

Lọ́dún kan, ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rin kan wà lọ́dọ̀ mi tí kì í dáhùn ní kíláàsì láti oṣù kẹsàn-án. Mo fún un ní ìgbálẹ̀ kékeré, mo ní, "Gbá." Ó gbá a. Mo ń pe gbá, gbá, gbá pẹ̀lú ìró ìgbálẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀. Ó dúró. Ó wo ètè mi, ó wo ìgbálẹ̀, ètè tiẹ̀ pàdé, ó ṣí wọn, kò sóhùn. Ó tún un ṣe. Ìgbà kẹta, "gbá" jáde. Ó gbá ewé lọ títí dé ìdí ògiri, bó sì ti ń bọ̀ padà, mo gbọ́ tó ń dá sọ fún ara rẹ̀ pé: "Gbá. Gbé. Gbọ́. Àgbàdo." Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní mẹ́ta tó kẹ́yìn yẹn. Òun ló wá wọn rí, tó sì bá gb nínú àgbàdo níbi tó sá pamọ́ sí láàárín ọ̀rọ̀. Ibi tí a fẹ́ kí ọmọ dé nìyẹn.

Kò sì sí gb nínú àpótí lẹ́tà rọ́bà tí wọ́n ń tà fún yín. Ẹ tú u wò. Lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n (26) ni, c wà níbẹ̀, q wà níbẹ̀, v, x, z wà níbẹ̀. Gb kò sí. A sì ń kọ́ ọmọ ní Yàgbà, ní Ẹ̀gbẹ̀, ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀! Ọmọ ò ní lè kọ orúkọ ìlú ara rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tí ìyá rẹ̀ fowó rà. Bó bá fi máa mọ gb, yóò ti rò pé g àti b ni, yóò máa kà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, yóò sì pẹ́ kí ẹ tó tú u.

Ti p náà ń bẹ. Àwọn tó ń lo fídíò orí fóònù, ẹ mú bébà tín-ín-rín kan, ẹ fi síwájú ètè yín. Ẹ pe "pen" lédè Gẹ̀ẹ́sì: bébà á fò. Ẹ wá pe "pa" bí ìyá yín ṣe ń pè é: bébà ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mira. Ìró méjì ni, ọ̀nà kan náà la fi ń kọ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ di bébà náà mú, yóò máa rẹ́rìn-ín, yóò sì mọ̀ ọ́n títí ayé. Àwọn tó ń fi s, a, t, p, i, n bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìró Gẹ̀ẹ́sì, p Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń gbìn sí ọmọ lẹ́nu kó tó dé ti ilé. Ẹ gbọ́ bí yóò ṣe máa pe Mọ̀pà. Èmi, m àti b ni mo fi ń ṣáájú, torí pé ọmọ lè fojú rí wọn lára ètè. F tẹ̀ lé e, torí pé a lè fọwọ́ gba atẹ́gùn rẹ̀.

Ẹ má fi iyanrìn gbígbẹ tàbí eruku kún àwo kí ọmọ fi ìka kọ̀wé nínú rẹ̀. Ikọ́ ọyẹ́ tó wà lọ́fun wọn ti tó. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i.

Gúlúù máa ń gan mọ́ ẹnu ike lásìkò yìí. Ẹ po sítáàṣì.

Ẹ má dáná ní kíláàsì nítorí "yá iná".

Ẹ̀wù òtútù tí ọmọ kan fi lẹ̀, ẹ má fi ṣe ohun èlò títí ìyá rẹ̀ yóò fi wá wá a. Ìjà ló ń dá.

Lórí òwú: ẹ yé ra ti ilé oògùn. Láti ìparí oṣù kìn-ín-ní lọ, èso àràbà á là, òwú rẹ̀ á máa fò káàkiri bí ẹni pé wọ́n ń da á láti òkè. Bí ẹ bá mọ ahunṣọ ní Ògìdì tàbí ní Búnú, ẹ tọrọ gígé òwú tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹ má ṣe bíi tèmi. Mo kó òwú àràbà wọ kíláàsì, mo tan fáànù, kí n tó ṣẹ́jú, ọmọ mẹ́rìnlélógún ń sín, ojú ń ta wọ́n. Ìta ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ kọ́kọ́ fi sítáàṣì tútù ya lẹ́tà sórí páálí, kí ọmọ wá fi ọwọ́ tẹ òwú mọ́ ọn.

Àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ, ṣ wà nínú ìwé Yorùbá láti ayé Àjàyí Crowther, síbẹ̀ lẹ́tà rọ́bà ọjà kò ní in. Mo rí àwọn olùkọ́ tó ń fi báírò tò ó sí i, tí ọṣẹ á sì fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹ̀pà ni kí ẹ lò. Ọmọ á to lẹ́tà sórí tábìlì, ẹ óò pe ọ, yóò fi ẹ̀pà kan sábẹ́ rẹ̀. Bó bá pe ìró náà bó ti yẹ, yóò jẹ àmì náà, lẹ́tà á di o, ẹ óò sì ní kó pe ìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ bi òbí bóyá ẹ̀pà ń bá ọmọ náà jà. Bó bá ń bá a jà, hóró àgbàdo yíyan tó.

Àmì ohùn? Ẹ má kọ ọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ fi ọwọ́ ṣe é: dò nílẹ̀, re láyà, mí lókè orí.

Mo ṣèlérí pé màá padà sórí u. Nínú Yorùbá ìwé, kò sí ọ̀rọ̀ tó fi u bẹ̀rẹ̀, nítorí náà àárín tàbí ìparí ọ̀rọ̀ ni kí ẹ ti wá a: òtútù, eruku, iṣu. Ohun tí mo sọ fún àwọn ọmọ nìyẹn ní ọdún kẹrin iṣẹ́ mi. Mo ní, "Kò sí ọ̀rọ̀ tó fi u bẹ̀rẹ̀." Ọmọbìnrin kékeré kan nawọ́. Ó ní ó wà. Ó ní, "Ulé." Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, mo sì sọ fún un pé kò dára, pé ilé ni. Ó jókòó, kò sì tún nawọ́ mọ́ títí sáà fi parí.

Èkìtì ni ìyá rẹ̀ ti wá, ọ̀dọ̀ aládùúgbò wa níbi tí ulé ti jẹ́ ulé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ ìró, ó mọ̀ ọ́n, ó fún mi ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo ní kò sí. Àwọn ọmọ wa ń mú ẹ̀ka èdè Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Búnú àti ti ìyá wọn wá sí kíláàsì, orúkọ nǹkan kan lè jẹ́ oríṣi mẹ́ta lórí ẹní kan. Bí ọmọ bá dárúkọ nǹkan bí wọ́n ṣe ń pè é nílé rẹ̀, ìró tó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni kí ẹ béèrè.

Nígbà tí sáà tuntun wọlé, mo pè é, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo wọn, mo sì ní kó ya ulé fún mi. Ó ya á: òrùlé onígun mẹ́ta, ilẹ̀kùn kan, èéfín tó ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Káàdì u tí mo ń lò títí dòní nìyẹn.