Bí mo ṣe gun Òkè Sínáì: ẹsẹ̀ ò yẹ̀, òtútù ló fẹ́ pa mí

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni àpáta Olósùnta ti ń wò wá láti òkè, ṣùgbọ́n nílé tiwa, nǹkan méjì péré ló ń gbé èèyàn gun òkè: àdúrà tàbí ọdún òrìṣà. Torí náà, nígbà tí mo sọ fún màmá mi pé mò ń lọ gun òkè ní Íjíbítì, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé èyí tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ ti tán ni?"

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Káírò ló pè mí. Òkè Sínáì, tí wọ́n ní Mósè ti gba òfin mẹ́wàá, fi mítà 2,285 ga ju ìtẹ́jú òkun lọ. Oṣù mẹ́ta ni mo fi múra. Láràárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, mo ń gun àpáta nílùú wa pẹ̀lú báàgì tí mo di omi kún lẹ́yìn. Mo kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà ná, torí kì í ṣe ibi tí à ń gùn bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn báńkì. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, itan mi ti le. Ohun tí n kò fi kọ́ra ni òtútù. Níbo ni mo ti fẹ́ rí i?

Láti Káírò, a lo nǹkan bíi wákàtí méje nínú mọ́tò. Ọ̀nà náà gba inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ omi Suez, odò àfọwọ́gbẹ́ tí ọkọ̀ òkun ń gbà, kọjá, bẹ́ẹ̀ lèèyàn ṣe ń ti Áfíríkà bọ́ sí Éṣíà láìmọ̀. Ẹ má ri ìwé ìrìnnà yín sí ìsàlẹ̀ báàgì o. Ó tó ìgbà mẹ́fà tí àwọn sójà yẹ tiwa wò.

Aago kan ààbọ̀ òru la gbéra, kí á lè bá yíyọ oòrùn lókè. Wọn kì í jẹ́ kí àlejò dá gùn ún. Ọmọ ibẹ̀ kan gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Àwọn Jebeliya, ẹ̀yà kan lára àwọn Bedouin, ará aṣálẹ̀, tó ń gbé ẹsẹ̀ òkè náà, ló ni iṣẹ́ yìí. Ọ̀nà méjì ló wà: ọ̀nà ràkúnmí tó gùn tó sì rọjú, àti àtẹ̀gùn òkúta. Ti ràkúnmí la gbà lọ. Àwọn tó ni ràkúnmí ń pè wá nínú òkùnkùn bí agbèrò ìdíkọ̀ Adó. Ràkúnmí fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún, ẹ ò ní gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ rárá, àfi kí ẹ ṣàdédé rí orí gbọọrọ létí yín. Mo ké "Yéè!", ẹni tó ń mú wa lọ sì rẹ́rìn-ín títí.

Bàbá tó ń mú wa lọ yẹn ń rìn bí ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ. Èmi ọmọ Ìkẹ́rẹ́, mo kọjá lára rẹ̀. Àbúrò mi ní, "Àǹtí, ẹ rọra o." N ò dá a lóhùn. Súwẹ́tà méjì àti kóòtù ni mo wọ̀, aṣọ òwú ló wà nísàlẹ̀, mo sì ń sáré. Òógùn mu aṣọ náà gbin. Nígbà tí mo wá jókòó níbi ahéré tí wọ́n ti ń ta tíì, òógùn ọ̀hún di omi tútù nini sára mi. Eyín mi ń lu ara wọn. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni, òtútù tó ń sọ omi di yìnyín! Mo ti máa ń rò pé ọyẹ́ ilé wa mú. Ọyẹ́ kọ́ nìyẹn.

Bàbá dé, ó bọ́ kóòtù lára mi, ó fi hàn mí: bí èèyàn bá ń rìn, kó bọ́ aṣọ òkè, bó bá dúró, kó gbé e wọ̀ kíákíá. Òógùn ni ọ̀tá, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Mo yá kúbùsù lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà, ó ń run ràkúnmí, n ò sì bìkítà.

Ọ̀nà ràkúnmí parí síbi tí wọ́n ń pè ní Àfonífojì Èlíjà. Látibẹ̀, àtẹ̀gùn 750 ló kù. Níbí ni Olósùnta ti san án fún mi, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pariwo nísàlẹ̀ ló ti jókòó. Lókè téńté, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tí wọ́n kọ́ ní 1934 wà, mọ́sáláṣí kékeré sì wà nítòsí rẹ̀, bíi ti ẹbí wa gan-an. Nígbà tí oòrùn yọ, òkè lẹ́yìn òkè pọ́n bí epo, kò sí ewé kan lórí wọn. Mo dákẹ́.

Àtẹ̀gùn òkúta la gbà bọ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 3,750, àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn ọkùnrin tó fi ayé wọn fún ìsìn, ló tò ó. Orúnkún ló jìyà ibẹ̀. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹ sì mú ọ̀pá dání.

Ilé ìsìn Kátírínì Mímọ́ wà nísàlẹ̀. Justinian, ọba Róòmù ayé àtijọ́, ló mọ odi rẹ̀ láàárín ọdún 548 sí 565, mọ́ńkì sì ṣì ń gbénú rẹ̀. Wákàtí díẹ̀ ni wọ́n ń ṣí i láàárọ̀, kì í sì í ṣe lójoojúmọ́, ẹ béèrè kí ẹ tó lọ. A rí igbó ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ní ó jóná tí kò run. Ibẹ̀ náà ni Bíbélì àfọwọ́kọ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Codex Sinaiticus ti jáde. Lọ́ńdọ̀nù ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà báyìí, láti 1933. Èyí rán mi létí àwọn ère tiwa tó wà lọ́dọ̀ wọn.

Nígbà tí mo délé, màmá mi ò béèrè Mósè. Ìbéèrè wọn ni pé ṣé wọ́n ń gúnyán níbẹ̀. Mo ní rárá, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ni.

Wọ́n ní, "Abájọ tí òtútù fi mú ọ."