Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ RAM Lò Láàárín Àwọn Virtual Machine

Ẹni tó bá ń bójú tó sáfà ní Abẹ́òkúta, ì báà jẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Aláàbàtà tàbí ní ọ́fíìsì ìjọba ní Òkè Mosàn, mọ bí RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí, ti wọ́n tó, ó sì mọ̀ pé sáfà tuntun jẹ́ ẹrù kún ẹrù fún jẹnẹrétọ̀. Kí a tó bèèrè owó, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wádìí ibi tí RAM tó wà nílẹ̀ ń lọ. Àlàyé yìí wà fún sáfà Linux tí a fi KVM àti libvirt, àwọn ètò tó ń dá VM sílẹ̀ tó sì ń darí wọn, gbé àwọn virtual machine, ìyẹn VM, kọ̀ǹpútà àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ nínú sáfà kan, kalẹ̀.

Wíwọ̀n ló ṣíwájú. Iye RAM tí a pín fún VM kan yàtọ̀ sí iye tí ó ń lò ní tòótọ́. Ẹ wọ inú VM kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ free -h, kí ẹ sì ka iye tó wà lábẹ́ available. Ẹ má ṣe fi ti free ṣèdájọ́, torí Linux a máa fi RAM tó ṣófo tọ́jú àwọn fáìlì tí ó ti kà láti inú díìsìkì, a sì máa yọ̀ǹda rẹ̀ bí iṣẹ́ mìíràn bá nílò rẹ̀. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ títí yóò fi kan àkókò tí iṣẹ́ ń pọ̀ jù, bí ìgbà ìforúkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òpin oṣù tí wọ́n ń ṣírò owó òṣìṣẹ́, nítorí ìwọ̀n ọjọ́ Àìkú nìkan yóò ṣini lọ́nà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dín ohun tó pọ̀ jù kù. Bí VM kan bá gba 8 GB, tí kò sì kọjá 3 GB rí, ẹ padà sórí sáfà fúnra rẹ̀, kí ẹ tẹ virsh setmem, orúkọ VM náà, 4G àti --live. Dírafà virtio-balloon tó wà nínú rẹ̀ ni yóò kó àyè tó ṣẹ́kù jọ, tí yóò sì dá a padà fún sáfà. Linux ti ní in, ṣùgbọ́n lórí Windows, ẹ̀yin ni ẹ ó fi í sí i. Ẹ má dín in ju bó ṣe yẹ lọ, torí VM tí RAM há mọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe swap, ìyẹn kíkó ohun inú RAM lọ sórí díìsìkì, díìsìkì kò sì lè yára bíi RAM. Ní tèmi, mo máa ń yọ dátàbéèsì kúrò nínú ètò yìí pátápátá.

Ìgbésẹ̀ tó kàn ni KSM (Kernel Samepage Merging), tó wọ inú Linux 2.6.32 ní ọdún 2009. Ó máa ń wá àwọn ojú-ewé RAM, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4 KB, tí ohun inú wọn bára mu láìku síbì kan, a sì pa ẹyọ kan ṣoṣo mọ́ fún gbogbo VM tó ń lò ó. Láti tàn án, ẹ kọ 1 sínú /sys/kernel/mm/ksm/run lórí sáfà. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ẹ fi 4 KB sọ iye tó wà nínú fáìlì pages_sharing, tó wà níbi kan náà, di púpọ̀, ẹ ó sì rí RAM tí ẹ gbà padà. Ó máa ń so èso jù níbi tí àwọn VM ti ń lo ẹ̀yà Linux kan náà. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ CPU, àti pé ẹni tó ní VM kan lè fi bí kíkọ nǹkan sínú RAM ṣe yá tàbí tó falẹ̀ mọ ohun tó wà nínú VM ẹlòmíràn. Irú ewu yìí ló mú kí VMware pa pípín RAM láàárín àwọn VM tì ní 2014, àfi bí ẹni tó ń bójú tó sáfà bá fúnra rẹ̀ tàn án. Bí oníbàárà tí kò mọ ara wọn bá wà lórí sáfà yín, ẹ má tan KSM rárá.

Níkẹyìn, ẹ tẹ vmstat 5 lórí sáfà nígbà tí iṣẹ́ bá gbóná, kí ẹ sì wo si àti so, ìyẹn ohun tó ń ti inú swap wọlé sí RAM àti ohun tó ń jáde lọ síbẹ̀. Bí méjèèjì bá dúró ní 0, àyè ṣì wà. Bí wọ́n bá ń ga láìdáwọ́ dúró, ẹ gbé VM kan lọ sórí sáfà mìíràn, tàbí kí ẹ fi RAM kún un.