Kílò tó sọnù lára àwọn òdá mi

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí o. Òdá mẹ́fà tí mo fọwọ́ ara mi sìn, àwọn aráàdúgbò ni mo tà á fún, kò sí alágbàtà kankan láàárín, gbogbo ẹ̀ sì ti lólówó kí n tó pa ẹyọ kan. Mo ṣe gìràgìrà díẹ̀, ká má parọ́. Àfi ìgbà tí ìṣirò kan ṣoṣo fẹ́ sọ mí di olè.

Bí mo ṣe sìn wọ́n àti bí mo ṣe rí oníbàárà ò le, ẹ ṣáà fi fọ́tò ẹran tó ń dán ránṣẹ́.

Síkéèlì ló kó bá mi. Mo wọ̀n wọ́n láàyè, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bíi 40 kílò, ni mo bá sọ fáwọn tó fẹ́ ìdajì pé 20 kílò ló ń bọ̀, wọ́n sì san àsansílẹ̀. Ta ló rán mi níṣẹ́! Alápatà ò jẹ́ kí wọ́n jẹun mọ́jú, omi nìkan, kó lè rọrùn láti tú inú wọn, ibẹ̀ ni kílò ti ń yọ́ lọ. Ó pa wọ́n tán, ẹ̀jẹ̀ lọ, orí lọ, awọ lọ, ẹsẹ̀ lọ, ìfun lọ, koríko tó kún ikùn wọn náà lọ, tó sì wúwo ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ó gbé odidi àkọ́kọ́ kọ́, 18 kílò. Mo ní kó tún un wọ̀n, 18. Mo ní síkéèlì ẹ̀ ló bàjẹ́, mo sáré lọ gbé tèmi wá látilé, mo gbé ike omi lítà márùn-ún kọ́ ọ kí n fi dán an wò, 5 géérégé. Mo wá gbé ẹran kọ́ ọ. 18 náà ni o jàre.

Ó sun inú yàrá tútù mọ́jú, ó tún dín díẹ̀, omi ara ẹ̀ ló gbẹ. Ọ̀gá kan tún ní òun ò fẹ́ eegun, bó ṣe di pé ìdajì tiẹ̀ ò pé 7 kílò nìyẹn. Ó gbé síkéèlì kíṣìnì ẹ̀ wá, ó ń to náílọ́ọ̀nù lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wò mí. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi pe èèyàn lórí fóònù, tí mò ń ṣàlàyé, tí mò ń dá owó padà, ẹran kún fíríìsà, mi ò lè gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Ní báyìí, ìwọ̀n orí ìkọ́, ìyẹn ìwọ̀n ẹran lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa á tí wọ́n sì tú inú ẹ̀, ni mò ń fi tà, mo sì ń sọ ọ́ kí wọ́n tó sanwó: òdá 40 kílò, ẹ má retí ju 18 lọ, tẹ́ ẹ bá sì ní kí n yọ eegun, ẹ̀yin lẹ ni ìyẹn. Orí àti ìfun tí mo fi sílẹ̀ fún alápatà lọ́fẹ̀ẹ́ ló dùn mí jù, torí àwọn méjì béèrè lẹ́yìn tó ti kó o lọ. Awọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì wà níbí, mo ti fi iyọ̀ pa á, kò tíì sẹ́ni tó bi mí.