Igi Kan Tó Yàtọ̀ Nínú Oko: Ṣé Ìyípadà Ni Tàbí Àrùn?

Bí igi kan ṣoṣo bá yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú oko yín ní Àgbádárìgì, tí ewé rẹ̀ ní ilà funfun tàbí tí ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kò jọ ti ìyá rẹ̀, ẹ má ṣe yára gé e dànù, ẹ má sì ṣe yára pín in fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tó yí i ká. Bí ewé tiwọn náà bá lọ́, ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ ti gbé oògùn apakoríko wá láti oko kejì. Ojúlówó ìyípadà, ìyẹn èyí tó ti inú igi fúnra rẹ̀ wá, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lára igi kan, tàbí lára ẹ̀ka kan péré.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ fara balẹ̀ wò jù, nítorí àrùn kan wà tí ń jẹ́ kí ewé orí rẹ̀ kéré, kí wọ́n nàró, kí wọ́n sì ṣù jọ sójú kan. Ó ti wọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti ìpínlẹ̀ Ògùn, tí àwa àti wọn jọ pààlà. Ẹ gbé ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là sókè sí oòrùn, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì tóótòòtó àti ilà kúkúrú tí wọ́n ṣú ju ara ewé lọ, tí àwọn tó wà lẹ́bàá eegun àárín ewé sì tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja, àrùn náà ni. Kò sí oògùn tí ń wò ó. Ẹ kọ́kọ́ pa àwọn kòkòrò kéékèèké dúdú tó sá pamọ́ sí ìdí ewé, nítorí àwọn ló ń gbé e kiri, lẹ́yìn náà kí ẹ hú igi náà tọmọtọmọ.

Ti ẹ̀gẹ́ rọrùn díẹ̀: ewé tí àrùn tí eṣinṣin funfun ń gbé kiri mú máa ń ní àbàwọ́n aláwọ̀ ìyeyè, a sì máa ká kò, ṣùgbọ́n ewé aláwọ̀ méjì tó wá láti inú ìyípadà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ.

Bí kì í bá ṣe àrùn, igi ẹ̀gẹ́ náà ni kí ẹ gé gbìn, nítorí kóró kì í sábà tẹ̀lé ìyá. Ẹ gé ibi tí àwọ̀ méjèèjì ti jọ hàn. Ẹ̀ka tó bá hù ní funfun pátápátá kò ní ohun tí yóò fi ṣe oúnjẹ fún ara rẹ̀, yóò sì kú. Èyí tó bá tutù yọ̀yọ̀ láìní funfun yóò bo àwọn yòókù mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ tètè gé e kúrò.

Lójú tèmi, ìdì kan kò tó ẹ̀rí fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Irú tó ń so ọmọ ńláńlá díẹ̀ lè yí sí irú tó ń so ọmọ kéékèèké púpọ̀, tí òdòdó ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń rọ̀ títí di ìgbà ìkórè. Ẹ gbin ọmọ rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ sàmì sí i, kí ẹ sì dúró títí yóò fi so. Bí ìdì kejì bá jọ ti àkọ́kọ́, nígbà náà ni kí ẹ tó fún aládùúgbò ní ọmọ rẹ̀ gbìn.