Bí Mo Ṣe Gba Ilẹ̀kùn Irin Wa Lọ́wọ́ Ìpẹtà ní Àjàṣẹ́

Owó tí mo san fún ajórin tí ó kun ilẹ̀kùn irin ẹnu ọ̀nà wa ní Àjàṣẹ́ ṣì ń dùn mí títí di òní, nítorí pé orí ìpẹtà ni ó kun ọ̀dà lé. Kí òjò tó dá, ọ̀dà náà ti wú, ó ti ń ṣí, ilẹ̀kùn sì ti pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èsì tí ó fún mi ni pé, «Ẹ̀gbọ́n, atẹ́gùn ọ̀sà ni.» Èmi kò gba èsì yẹn wọlé, mo sì pinnu láti fi ọwọ́ ara mi ṣe é.

Nǹkan bí ìdámárùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí ni ọ́síjìn. Bí ó bá bá irin pàdé níbi tí omi wà, wọn a dara pọ̀ di ìpẹtà, iyọ̀ a sì mú un yá. Ìpẹtà gba àyè ju irin tí ó jẹ lọ, ìdí nìyẹn tí ó fi ń ti ọ̀dà sókè láti abẹ́. Àwọn fèrèsé alumíníọ̀mù tí ó wà lára ògiri kan náà kò ní àbùkù, bẹ́ẹ̀ alumíníọ̀mù yára bá ọ́síjìn dàpọ̀ ju irin lọ. Ṣùgbọ́n awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí èyí dá sí i lára lẹ̀ pinpin, kò sì jẹ́ kí ọ́síjìn mìíràn wọlé mọ́. Wúrà kì í tilẹ̀ dá ọ́síjìn lóhùn.

Híha ìpẹtà kò nílò àlàyé. Ibi tí ilẹ̀kùn ti so mọ́ òpó, tí búrọ́ọ̀ṣì onírin kò dé, ni mo fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ rẹ, nítorí pé kíkan inú rẹ̀ a máa yọ́ ìpẹtà. Ó yọ́ ọ lóòótọ́, irin mímọ́ hàn, inú mi sì dùn. Mo fi omi ṣan án, mo sì fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti tún pọ́n! Mo tún un ha, mo tún un ṣan, ó tún pọ́n. Ó bí mi nínú gidigidi, nítorí pé ẹni tí ó ta ọ̀dà fún mi kò sọ ọ̀rọ̀ yìí rárá. Irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ha kò ní ohun tí ó bò ó, omi tí mo sì fi ń ṣan án gan-an ni ọ́síjìn ń rí bá ṣiṣẹ́. Ohun tí ó ṣẹ́gun rẹ̀ ni pé mo fi aṣọ gbígbẹ nù ún lójú ẹsẹ̀, mo jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán gba ìyókù omi lára rẹ̀, mo sì kun ọ̀dà ìdènà ìpẹtà sí i kí ìrì tó sẹ̀. Èyí tí ó ní síńkì nínú ni mo rà, nítorí pé síńkì ni ọ́síjìn máa ń kọ́kọ́ jẹ kí ó tó kan irin.

Kíkun ìyókù kò gba àkókò. Ilẹ̀kùn náà ti la òjò mìíràn já, mo sì ń fi yangàn. Bí mo bá tún fẹ́ ṣe é, ìgbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ ni n ó mú. Ẹ má sì ṣe ká àkísà tí ẹ fi nu ọ̀dà elépo jọ sí kọ̀rọ̀: ọ́síjìn ni ó ń mú kí òróró inú rẹ̀ gbẹ, ooru sì ń jáde nígbà náà, àkísà tí a dì pọ̀ sì lè gbiná fúnra rẹ̀. Ẹ sá a síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá sì jẹ́ ajórin ni ẹ fẹ́ gbé iṣẹ́ fún, ẹ ní kí ó fi irin tí ó ha hàn yín kí ó tó ṣí agolo ọ̀dà.