Bí mo ṣe wá owó àjẹṣẹ́kù inú ìwé báńkì

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Takie, Ògbómọ̀ṣọ́, ló fẹ́ fi díẹ̀ nínú owó ẹgbẹ́ ra ṣíà báńkì kan. Baba Alága ní kí èmi akọ̀wé lọ wò ó bóyá owó tó ń ṣẹ́kù sí báńkì náà lọ́wọ́ ń gòkè lóòótọ́. Èrè tí báńkì ń kéde kò tẹ́ Baba lọ́rùn, wọ́n ní, "Akọ̀wé, èrè orí ìwé yàtọ̀ sí owó ọwọ́ o."

Ohun tí Baba ń béèrè ni àwọn oníṣirò ń pè ní free cash flow. Orúkọ ẹgbẹ́ wa gan-an ló bá a mu: àjẹṣẹ́kù. Owó tí iṣẹ́ mú wọlé ni èèyàn á mú, á yọ owó tí wọ́n fi ra ilé, ọkọ̀, ẹ̀rọ àti sọ́fíwià kúrò, ohun tó kù nìyẹn. Mo wa ìwé ìṣirò ọdọọdún báńkì náà jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti 2019 dé 2024, mo kó o sínú Excel, mo fa ìlà àjẹṣẹ́kù rẹ̀ lọ́dọọdún.

Àfi bíi pé tata ni ìlà náà ń fò. Lọ́dún kan owó á kún àkúnwọ́sílẹ̀, lọ́dún kejì á já sísàlẹ̀ òdo. Mo rò pé mo ṣi nọ́ńbà tẹ̀ ni. Ìyá Akápò, tí wọ́n ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Jagun, ló là mí lójú. Mo ń ṣàlàyé fún wọn, wọ́n kàn ń wò mí, wọ́n ní, "Owó tó wà nínú àpò alájọ, ṣé owó alájọ ni?"

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Bí oníbàárà bá kówó wá, báńkì á kọ ọ́ mọ́ owó tí iṣẹ́ mú wọlé. Bí wọ́n bá yá èèyàn lówó, owó jáde nìyẹn. Bí Báńkì Àpapọ̀ bá ní kí wọ́n kó sí i sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun nínú owó oníbàárà, owó tún jáde. Ní oṣù Kejì 2024 ó gbé ìpín tí wọ́n gbọ́dọ̀ kó sílẹ̀ yìí láti 32.5% sí 45%, nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ó ti di 50%. Kò séyìí tó jẹ́ èrè tàbí òfò níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ò níṣòro yìí, torí owó tí oníbàárà bá san fún wọn ti di tiwọn.

Mo wá fa ìlà kejì. Mo dúró síbi tí ìwé kò tíì máa ka ìyípadà owó oníbàárà àti owó yíyá, mo yọ owó orí, mo yọ owó ẹ̀rọ. Ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló bọ́ sísàlẹ̀ òdo! Gbogbo alẹ́ ọjọ́ kan ni mo fi wá a, iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, kí n tó rí i pé lókè ojú ewé ni wọ́n ti yọ èlé kúrò nínú èrè, tí wọ́n wá to èlé tí wọ́n gbà àtèyí tí wọ́n san sísàlẹ̀ pátápátá. Báńkì tí a yọ èlé lára rẹ̀, kí ló kù? Mo dá èlé tí wọ́n gbà padà, mo yọ èyí tí wọ́n san, ìlà náà sì nàró.

Ó wá ku bó ṣe ń dàgbà sí. Ká fi owó kékeré ṣàpẹẹrẹ: ká ní 100 ni àjẹṣẹ́kù ní 2019, tó di 161 ní 2024. Ìwé mẹ́fà ni, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ márùn-ún ló wà láàárín wọn. Èmi kọ́kọ́ fi mẹ́fà ṣe é, ó gbé 8.3% lọ́dún jáde. Márùn-ún ló tọ́, 10% sì ni. Ohun tí mo tẹ̀ sínú Excel ni =(161/100)^(1/5)-1. Bí ọdún ìbẹ̀rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ òdo, ẹ má wulẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ohun tó máa gbé jáde kò ní nítumọ̀.

Kí n tó gbé e lọ sípàdé, mo fi ọ̀wọ́n ọjà wọ̀n ọ́n. Iye tí NBS, àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè wa, kéde ní oṣù Kejìlá pé ọjà fi wọ́n sí i láàárín ọdún kan ni mo lò: 15.75% ní 2020, 15.63% ní 2021, 21.34% ní 2022, 28.92% ní 2023, 34.80% ní 2024. Mo sọ wọ́n di púpọ̀ léra wọn: ọjà 100 náírà ìparí 2019 ti di nǹkan bíi 282 náírà ní ìparí 2024. Báńkì tí àjẹṣẹ́kù rẹ̀ kò bá fi bíi 23% lé lọ́dún, ẹ̀yìn ló ń rìn sí.

Nípàdé, Baba Alága bi mí bóyá owó ṣíà tuntun tí àwọn báńkì ń kó jọ nítorí àṣẹ tí Báńkì Àpapọ̀ pa ní 2024, pé kí àwọn tó ń ṣòwò dé òkè òkun ní 500 bílíọ̀nù náírà, wà nínú ìlà mi. Mo ní rárá, ojú mìíràn nínú ìwé nìyẹn wà. Wọ́n wo ìlà méjèèjì títí, wọ́n ní kí n lọ ṣe báńkì méjì mìíràn ká lè fi wéra. Mo ti kó ìwé ọ̀kan jọ báyìí, ti 2021 rẹ̀ nìkan ni mi ò tíì rí.