Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: bí mo ṣe ń fi Plover tẹ Yorùbá ní Ṣómólú

Ìwé ètò ìsìnkú ni iṣẹ́ tó ń wọlé fún mi jù ní Ṣómólú. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í dákẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ olóògbé á gbé ìtàn ìgbésí ayé bàbá wọn wá, ojú ewé mẹ́fà tí wọ́n fi bírò kọ, wọ́n á ní kí ó ti jáde kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Ẹni tó bá ti fi kíbọ́ọ̀dù lásán tẹ Yorùbá rí mọ ohun tí ojú ń rí: ẹ tẹ lẹ́tà, ẹ wá àmì ìsàlẹ̀, ẹ tún wá àmì òkè. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì kankan sí i. Mo ti rí ìwé ètò kan tí opó kọ "ọkọ rere" sí, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní "oko rere". Màmá náà wo ìwé náà títí, wọn ò sọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé tèmi kò ní rí bẹ́ẹ̀. Plover, sọ́fúwíà tó ń sọ kíbọ́ọ̀dù lásán di ẹ̀rọ stenography, ni mo fi ń ṣe é.

Ìyá mi kọ́ ṣọ́tíháǹdì Pitman nígbà tí wọ́n jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Marina. Bí ọ̀gá bá ń pe lẹ́tà fún wọn, bí ó bá ti ń panu dé ni wọ́n ti ń kọ ọ́ tán. Stenography orí kọ̀ǹpútà jọ èyí, àmọ́ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń tú u padà sí ọ̀rọ̀ gidi. Ẹ kì í tẹ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa tẹ bọ́tìnì bíi mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ gbọ́wọ́ sókè, odindi ọ̀rọ̀ á jáde. Báyìí ni àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà ṣe ń bá ẹnu ènìyàn rìn. Ìdánwò àgbà wọn dé ọ̀rọ̀ 225 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ tiwọn ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, sọ́fúwíà rẹ̀ náà ń gba owó tirẹ̀. Mirabai Knight, tó ń kọ ọ̀rọ̀ sójú kọ̀ǹpútà fún àwọn adití ní New York, ló dá Open Steno Project sílẹ̀ kí ọ̀nà náà lè ṣí fún gbogbo ènìyàn. Joshua Lifton ló kọ́kọ́ bá wọn kọ Plover. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Ẹ lọ sí openstenoproject.org, ẹ wà á sórí kọ̀ǹpútà yín. Lẹ́yìn ìyẹn, kò nílò dátà mọ́.

Ẹ má tíì náwó sórí kíbọ́ọ̀dù o. Ẹ kọ́kọ́ dán èyí tó wà lọ́wọ́ yín wò. Ẹ ṣí Notepad, ẹ tẹ w e r s d f c v papọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ ka lẹ́tà tó jáde. Bí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá jáde, ó dáa. Bí mẹ́rin tàbí márùn-ún péré bá jáde, kíbọ́ọ̀dù yín kì í gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láptọ́ọ̀pù tèmi wà nínú irú èyí. Ohun tó gbà mí là ni ibi tí Plover kọ "Arpeggiate" sí: ẹ wọ Configure, ẹ wọ Machine, ẹ mú Keyboard, ẹ fi àmì sí i. Nígbà náà, ẹ lè tẹ bọ́tìnì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá fi spacebar parí rẹ̀. Ó lọ́ra, àmọ́ ó tó láti fi kọ́ ọwọ́. Oṣù méjì ni mo fi lò ó kí n tó lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń ta géèmù ni kí ẹ béèrè, èyí tí wọ́n kọ "N-key rollover" sí lára páálí, ìyẹn ni pé ó ń gba gbogbo bọ́tìnì tí ẹ bá tẹ̀ papọ̀. Ẹ sọ fún ọ̀gá tó ń tà á pé kí ó jẹ́ kí ẹ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ohun tí a kọ sára páálí àti ohun tó wà nínú rẹ̀ lè má bára mu.

Bọ́tìnì steno ò ju mẹ́tàlélógún lọ. Ọwọ́ òsì ló ni S T K P W H R, àtàǹpàkò méjèèjì ló ni A O àti E U, ọwọ́ ọ̀tún ló ni F R P B L G T S D Z. Àmì ìràwọ̀ wà láàárín, òun ló ń pa ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ rẹ́. Ẹyọ kan tó kù wà fún nọ́ńbà. Lórí kíbọ́ọ̀dù wa, a ni S, w ni T, s ni K, e ni P, d ni W, r ni H, f ni R. Fún àtàǹpàkò, c ni A, v ni O, n ni E, m ni U. Lọ́wọ́ ọ̀tún, u ni F, j ni R, i ni P, k ni B, o ni L, l ni G, p ni T, ; ni S, [ ni D, ' ni Z. Ẹ tan Plover sí Enable, kí ẹ tẹ s c p papọ̀. "Cat" ló máa jáde. Lẹ́tà tí kò ní bọ́tìnì tirẹ̀, a máa ń pa bọ́tìnì pọ̀ fún un: TK ni D, PW ni B, HR ni L. Nítorí náà, "dog" ni TKOG, w s v l. Bí ẹ bá fẹ́ padà sí títẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀, ẹ mú un sí Disable.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni díkíṣọ́nárì tó bá Plover wá, ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ lé ní 100,000. Ẹ kọ́ ọwọ́ yín pẹ̀lú rẹ̀. Typey Type lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń tọ́ni sọ́nà díẹ̀díẹ̀. Ìdajì wákàtí lójoojúmọ́ dára ju wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé lọ. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni tèmi, kí àwọn ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ ariwo. Ẹ má wá eré sísá. Ẹ jẹ́ kí ìtẹ̀ mọ́ kedere ná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kàn mí jù lọ rèé. Sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá ń lo ọwọ́ ọ̀tún fún ìparí sílébù, tiwa ṣófo. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún yẹn gbé kọ́ńsónáǹtì kejì àti ohùn. Òfin tí mo fún ara mi ni pé S ní ìparí ni ohùn òkè, D ni ohùn ìsàlẹ̀, bí kò bá sí èyíkéyìí, ohùn àárín ni. DZ ni ohùn ìsàlẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. O nìkan ni ọ, OE ni o. EU ni i. BG lọ́wọ́ ọ̀tún ni k. Ẹ ṣí Notepad, ẹ kọ èyí:

{
"OBG": "ọkọ",
"OBGS": "ọkọ́",
"OBGD": "ọkọ̀",
"OBGDZ": "ọ̀kọ̀",
"OEBG": "oko",
"EULS": "ilé",
"EULD": "ilẹ̀"
}

Kọ́mà gbọ́dọ̀ wà ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, àfi ìlà tó kẹ́yìn. Kọ́mà kan tó bá sọnù tó láti mú kí Plover má gba fáìlì náà wọlé rárá. Ẹ fi í pamọ́ ní yoruba.json, ẹ yan UTF-8 (ìlànà tó ń pa àmì Yorùbá mọ́), ẹ wá fi bọ́tìnì ìfikún nínú Plover gbé e wọlé, kó jókòó lókè gbogbo díkíṣọ́nárì yòókù, nítorí èyí tó wà lókè ló ń borí. Tí ẹ bá ń tẹ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ mú àmì kúrò níwájú rẹ̀. Ní báyìí, v k l papọ̀ ni "ọkọ", ẹ fi n kún un, ó di "oko". Àtàǹpàkò kan ló wà láàárín ọkọ màmá yẹn àti ilẹ̀ tí wọ́n ń ro. Fún DZ, ìka kékeré kan náà ló ń tẹ [ àti ' pọ̀, ní ojú ààlà wọn. Ó máa ń ro ìka lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Gb kò ní ibùgbé, mo fi KPW ṣe é lọ́wọ́ òsì. SH ni ṣ. Ẹ lè yan tiyín, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sí ìwé kí ẹ má bàa yí i padà lágbede méjì. Àwọn gbólóhùn tó ń padà wá nínú iṣẹ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fún ní ìtẹ̀ ẹyọ kan. Tèmi ni "sùn un re o", "ọmọ, ọmọọmọ àti àtọmọdọ́mọ", àti "ìdílé náà dúpẹ́ lọ́wọ́ yín". Bí ẹ bá ń tẹ̀ lọ tí ẹ sì bá ọ̀rọ̀ tuntun pàdé, ẹ tẹ TKUPT. Fèrèsé kékeré á ṣí, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sí i, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Mo ti ní ọ̀rọ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀rún báyìí, mẹ́ta mẹ́rin lóòjọ́ ló fi dé bẹ́ẹ̀.

Ẹ yẹ fọ́ńtì wò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ẹ́ tó ní àmì méjèèjì, lẹ́tà kan àti àmì kan tí kọ̀ǹpútà so pọ̀ ni. Fọ́ńtì míì á gbé àmì òkè lọ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e.

Kí ẹ sì da yoruba.json kọ síbòmíràn. Fáìlì kékeré ni, àmọ́ ọwọ́ yín ló wà nínú rẹ̀. Ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń gbé tèmi sórí fíláàṣì, mo sì máa ń fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí í-meèlì ara mi.